Àdúgbò Tó Wo Ara Rẹ̀ Sàn

"Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ogun ti tán ní àdúgbò kan, ẹ lọ wò ó bóyá wọ́n ti ń jà nítorí gọ́tà."

Gbólóhùn yìí ló sọ Ọ̀jọ̀gbọ́n di ẹni ńlá. Inú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ló kọ ọ́ sí, ìyẹn Àdúgbò Tó Wo Ara Rẹ̀ Sàn, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbé gbólóhùn náà kiri bí ìyá tó ń gbé àkọ́bí. Wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ àpérò, wọ́n á tún fi parí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ju èèpo ẹ̀yìn ìwé náà lọ á kọ ọ́ sínú ìdánwò, yóò sì rí máàkì gbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹni tí ẹ̀rù ikú ń bà kì í ráyè bá aládùúgbò rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí. Bí èèyàn méjì bá ti lè dúró lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí nítorí ẹni tó yẹ kó kó erùpẹ̀ inú gọ́tà, a jẹ́ pé ọkàn ti balẹ̀, ayé ti padà sípò. Ó dùn ún gbọ́. Ká ní gbogbo ohun tó bá ti dùn ún gbọ́ ló jẹ́ òótọ́ ni, mi ò ní ìtàn kankan láti sọ.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó mọ bí ìlú ṣe ń dìde lẹ́yìn tí ogun bá ti wó o. Àwọn kan ń fi gbogbo ayé wọn wo ìràwọ̀, àwọn kan ń fi tiwọn wo kòkòrò. Òun ń wo ẹni tó kọ́kọ́ padà sílé nígbà tí ìbọn dákẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ fi páànù tuntun bo òrùlé, ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ ṣí, ẹni tí wọ́n ṣì ń kí àti ẹni tí wọn ò kí mọ́. Kò lọ jìnnà kó tó rí ohun tí yóò wò, nítorí àdúgbò tí wọ́n bí i sí gan-an ló mú. Ilé ẹ̀kọ́ ló wà, ní ìlú mìíràn, ní gbogbo ìgbà tí ogun náà fi jà. Nígbà tó parí, ó gbé bíírò àti ìbéèrè, ó padà wálé, ó sì ń ya ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ṣé ẹ ń bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀? Ṣé ìrántí ogun náà kì í dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́? Láti ìgbà náà, bí ọdún méjì bá ti yí po, yóò tún padà lọ, ojúlé kan náà, ìbéèrè kan náà.

Gbogbo ìgbà tó bá padà lọ ni ara wọn máa ń yá ju ti tẹ́lẹ̀. Ní àwọn àdúgbò mìíràn tí wọ́n kó dókítà àti oògùn lọ, àwọn èèyàn ṣì ń ké pé àwọn ò sùn. Ní tirẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fún wọn ní nǹkan kan, ṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí àti aládùúgbò ló ń wo èèyàn sàn lẹ́yìn ogun, pé bí ará ìta bá ti ń da ìrànlọ́wọ́ bò wọ́n jù, ṣe ló ń jẹ́ kí ọgbẹ́ náà pẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìjọba létí gan-an. Ìjọba wo ni wọ́n máa sọ fún pé kó má náwó tí kò ní fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́? Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ohun tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Kò sí èyí tó dìde nínú wọn kó bi í léèrè ohun tí àwọn tó ń gbé inú ilé náà sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré ẹnu àdúgbò náà ni. Ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, òógùn bò ó, ó sì hàn pé ìbínú ló fi gun àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàsán, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n fẹ́ ti yàrá wa pa."

"Yàrá wo nìyẹn?"

"Yàrá ẹ̀yìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Èyí tí àwọn tí ogun ṣì ń jà nínú wọn máa ń wá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀, èmi á gbọ́. Mo máa ń fún àwọn tí kò rí oorun sùn lóògùn. Ìjọba ní bí oṣù yìí bá ti parí, kí n kó ẹrù mi. Mo bi wọ́n pé kí la ṣe, wọ́n ní ìwé yín ló sọ pé àwọn èèyàn yẹn ti gbádùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń fi mú ọmọdé dákẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wá síbẹ̀? Mo mọ gbogbo ojúlé tó wà ní àdúgbò yẹn. Bóyá àwọn ará ibòmíràn ni."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi ò gbà mí láyè láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá títì ni bẹ́ńṣì wa wà, kò sẹ́ni tí kò lè kọjá níbẹ̀. Ẹ sáà kọjá lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó kọjá lọ́jọ́ Ẹtì. Bẹ́ńṣì náà kún. Bàbá Onírédíò, tó ń tún rédíò ṣe, wà níbẹ̀, ẹni tó sọ fún un nígbà tó wá kẹ́yìn pé oorun òun pọ̀ débi pé àfi kí ìyàwó òun da omi sí òun lójú. Àwọn ìyá méjì tó rí tí wọ́n ń jà nítorí gọ́tà, tó sì tìtorí wọn kọ gbólóhùn ńlá yẹn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Ìyá Oníbọ́tìnnì ní ìkángun kan, Ìyá Onífọ́tò ní ìkángun kejì. Gbogbo ojú tó wà lórí bẹ́ńṣì náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó tì rí, tó ti bi léèrè ọ̀rọ̀, tó sì ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jókòó sí àárín wọn, tó di fìlà mú sórí orúnkún, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Káfíńtà.

Orí gbogbo wọn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Bàbá Onírédíò ló kọ́kọ́ rí ohùn.

"Háà, Ọ̀jọ̀gbọ́n wa! Káàbọ̀ o. A kàn ní ká yà kí Nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ èèyàn kí."

"Gbogbo yín, bàbá?"

"Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kí èèyàn ni?"

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró síbẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó sì dúró títí tó fi jáde. Àwọn méjèèjì wá jọ sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà ní ọ̀ọ́kán ilé ìwòsàn náà.

Ibẹ̀ kún fún ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ni Káfíńtà ń ṣe jù, ó sì máa ń nípọn débi pé àwọn oníbàárà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ṣé ilé ni àwọn fẹ́ kọ́ ni àbí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ odindi orí kan nínú ìwé rẹ̀ lórí òwò ilẹ̀kùn yìí. Ó ní ó fi hàn pé àwọn èèyàn ti ń kọ́lé, pé ìrètí ti padà. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì wà níbẹ̀, pákó àti ìṣó ló kún orí rẹ̀. Àga kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìbora lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún mi pé ẹ ń sùn."

"Mò ń sùn náà. Orí àga yẹn ni mo ti ń sùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Tí ilẹ̀kùn bá mì, kí n lè tètè gbọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti já a wọlé tí wọ́n fi pa ìyá wa. Èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn yẹn, ṣé o mọ̀? Pákó fẹ́lẹ́ ni mo lò. Mo ní kí n má náwó jù."

Kò sọ̀rọ̀ yìí fún un rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú léèrè ohun tí ogun ṣe fún wọn, kò gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ rí. Ó fi ìdí lé ilẹ̀ láàárín èérún pákó.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo bi yín. Gbogbo ìgbà ni mò ń bi yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó tàánú-tàánú. "Ṣé o rántí ìgbà tí o kọ́kọ́ wá? O ti rù kan egungun. O ní iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa wò tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá wọ́n á gbà ẹ́ síṣẹ́. Bí o ṣe jáde lọ báyìí ni Bàbá wa pe gbogbo àdúgbò jọ. Ó ní, 'Ọmọ mi ń ṣe ìdánwò o, àwa la sì jẹ́ ìdáhùn tó fẹ́ kọ sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má jẹ́ kó fèèlì.' Ẹnì kan wá bi í pé kí ni ká wá sọ. Bàbá ní, 'Ẹ sọ pé ara yín le. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹni tó mú ìròyìn burúkú wá joyè rí?'"

"Bàbá wa?"

"Bàbá wa. Nígbà tí Bàbá kú, Bàbá Onírédíò gbà á ṣe. Tí a bá ti gbọ́ pé ò ń bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti ilé dé ilé: ọmọ wa ń bọ̀ o, ẹ tújú ká. Ẹni tó bá ń sunkún á nu ojú ẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á ní kó lọ sóko kó tó dé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n di eteetí pákó kan mú. Ó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. "Gọ́tà ńkọ́? Ojú mi ló ṣe! Ìyá Oníbọ́tìnnì àti Ìyá Onífọ́tò, ìyẹn kì í ṣe irọ́."

"Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ gọ́tà." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ Ìyá Oníbọ́tìnnì ló nàka sí ilé Ìyá Onífọ́tò fún àwọn sójà. Wọ́n mú ọkọ Ìyá Onífọ́tò lọ, kò padà. Ta ló máa la ẹnu sọ ìyẹn? Ibo lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀? Gọ́tà ló wà láàárín ilé méjèèjì, wọ́n bá ń fi gọ́tà jà. Ogun yẹn gan-an lo jókòó tì, tí ò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó tún ní, "Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ọkùnrin tí wọ́n mú lọ yẹn níwájú ara wọn, nínú yàrá Nọ́ọ̀sì. Gbogbo wa la sunkún."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà sunkún. Inú bí i sí wọn, ojú tì í, ìfẹ́ wọn sì gbà á lọ́kàn débi pé kò mọ èyí tó ń pa á nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti fi oorun ojú wọn rán an lọ sílé ìwé láìsọ fún un. Òun náà ti fi ẹ̀rín tí wọ́n yá ara wọn lò sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, ó fà á dìde. "Má da ara ẹ láàmú. Àwa la fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Kò gbà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti wà ní iléeṣẹ́ ìjọba, níwájú ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà nígbà kan rí, ó sì dìde fún un, ó fún un ní àga tó dára jù nínú ọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ohun tó rí. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ dópin, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ? Ẹ ń sọ pé irọ́ ni ẹ fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn."

"Wọ́n á gba ìwé yẹn padà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba oyè náà."

"Kí wọ́n gbà á."

Ẹ má jẹ́ kí n tan yín, ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro fún un láti sọ. Ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ wá oyè náà, kò sì ní ohun mìíràn tó lè nàka sí pé òun ṣe láyé. Ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ò kúrò lójú rẹ̀.

Ọ̀gá náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Ó ní òun máa rán àwọn olùwádìí tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ, kí wọ́n lọ bi àwọn èèyàn náà fúnra wọn. Bí wọ́n bá ní ara àwọn ò yá, wọn ò ní ti yàrá náà pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúpẹ́ títí. Ó rò pé ó ti bọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírédíò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ará àdúgbò ti ṣe ìpàdé, àwọn kan lórí àga, àwọn kan lórí àpótí rédíò tó ti kú tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì tètè dìde.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ṣe. Ọlọ́run ló máa bá mi san án. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń bọ̀ yìí bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí. Tí ẹ ò bá sùn, ẹ ní ẹ ò sùn. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ ọ́. Tí ẹ bá tún ní ara yín le, wọ́n á ti yàrá yẹn pa."

Bàbá Onírédíò ń fi aṣọ nu rédíò kan tí kò dọ̀tí. "A gbọ́. Ìbéèrè kan péré, ọmọ wa. Tí a bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe fún ìwọ?"

Ibí yìí ló yẹ kó ti parọ́. Gbogbo àdúgbò ti ń parọ́ fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọ̀kan péré ló yẹ kó san padà. Ṣùgbọ́n ó ti gbà lọ́kàn pé òótọ́ ni oògùn ọ̀rọ̀ náà, ó sì sọ òótọ́.

"Wọ́n lè gba ìwé mi. Wọ́n lè gba oyè náà pẹ̀lú. Kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi mọ́."

Ìyá Oníbọ́tìnnì káwọ́ lérí. "Wọ́n á gba kí ni? Oyè tí ọmọ yìí tìtorí ẹ̀ ò ráyè lọ́kọ, tí ò ráyè bímọ?"

"Mà, ẹ má wo ìyẹn."

"Kò burú," Bàbá Onírédíò ní. "Gbogbo wa ti gbọ́. Máa lọ sinmi, ojú ẹ ti wọnú."

Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní àdúgbò yẹn mọ̀ pé bí àgbà bá ní òun ti gbọ́, kò tíì sọ pé òun gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì fẹ́ kó jẹ́ pé wọ́n gbà.

Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ni wọ́n rán wá ṣe ìwádìí. Wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ sábẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, nítorí ibẹ̀ ní ìbòòji. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó má sún mọ́ ibẹ̀, ló bá lọ dúró ti Nọ́ọ̀sì lójú fèrèsé ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Aṣọ tí wọ́n fi ń lọ ibi ayẹyẹ ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n. Orin ń jáde nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírédíò, òun fúnra rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ lu itan sí i.

"Oorun kẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ń dún títí dé fèrèsé. "Ẹ bi ìyàwó mi. Ó ní híhanrun mi ò jẹ́ kóun gbádùn ilé ọkọ!" Àwọn olùwádìí náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Oníbọ́tìnnì àti Ìyá Onífọ́tò jọ wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, wọ́n fara kan ara wọn. Ìyá Onífọ́tò gbé ọwọ́ lé èjìká èkejì, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi nìyí. A kì í yàgò fún ara wa." Láti ojú fèrèsé, Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i pé títì ló ń wò, pé kò wo ojú èkejì lẹ́ẹ̀kan. Ìyá náà kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí tí wọ́n fi bi wọ́n tán.

"Wọ́n mà fẹ́ràn yín o," Nọ́ọ̀sì sọ wẹ́lẹ́. "Irú ìfẹ́ wo rèé?"

Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ò lè fara dà á mọ́. Ó sáré sọdá títì.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín! Ẹ wọ yàrá ẹ̀yìn yẹn lọ. Ẹ wo ibi tó ń sùn!"

Àwọn olùwádìí náà gbójú sókè, wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Bàbá Onírédíò ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ míì, ó rọra dì í lápá. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwé kíkà ti pọ̀ jù fún un. Ẹ̀rù ń bà á pé káwọn èèyàn má ní ó ń gbéra ga."

Káfíńtà wo àbúrò rẹ̀, ó sì mi orí fún un díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé tí ìyẹn bá fẹ́ sọ ohun tí yóò kó o sí wàhálà níwájú àlejò. Ó wá yí padà sí àwọn olùwádìí.

"Èmi? Mò ń sùn bí òkúta. Ibi tí ẹ̀yìn mi bá ti kan bẹ́ẹ̀dì, ó di àárọ̀."

"Ṣé ẹ máa ń lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn yẹn?"

"Mo bá wọn tún ilẹ̀kùn ṣe níbẹ̀ rí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò jáwọ́. Ó kọ̀wé, ó pe ọ̀gá náà lórí fóònù, ó ní wọ́n tún parọ́ ni. Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. "Màmá, nígbà tí wọ́n sọ fún yín pé ara àwọn le, ẹ ní irọ́ ni. Wọ́n ti sọ fún àwa náà báyìí, ẹ tún ní irọ́ ni. Ọjọ́ wo gan-an la máa gba ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí gbọ́? Ẹ sinmi. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìwé yín." Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé ó fẹ́ kọ ìwé ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní onímọ̀ tòótọ́ ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un níbi ìpàdé.

Nígbà tí oṣù parí, wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn àga tó ti kán ni wọ́n kó sínú yàrá ẹ̀yìn náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá méjì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dúró síbi tó dé. Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi gbọ́ pé wọ́n ti tún ń jà, pé lọ́tẹ̀ yìí Ìyá Onífọ́tò ju òkúta.

Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti wẹ̀, ó ti múra bí ẹni tó fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò síbi tó ń lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ti rù sí i. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀, ó dìde, ó gbọn àga kan nù fún un kó lè jókòó.

"Mo ti fẹ́ máa bi ẹ́. Wọn ò gba oyè náà mọ́, àbí?"

"Wọn ò gbà á."

"Ìwé náà ńkọ́?"

"Wọn ò fọwọ́ kàn án."

"Nítorí náà, o yege?"

Ó ń wò ó lẹ́nu, ó ń dúró de ìdáhùn. Gbogbo ohun tó kù fún un láyé ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú kan oorun tó sọnù, yàrá tí wọ́n tì pa, àti gbogbo àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú mìíràn tí wọn ò ní rí ìrànlọ́wọ́ nítorí ìwé kan. Ó kúnlẹ̀ sórí èérún pákó níwájú rẹ̀.

"Mo yege, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó ní, ká ní Bàbá wọn wà láyé láti gbọ́ ọ ni, ó sì ní kó dìde nílẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ má bàjẹ́.